Aláró ni mí ní Ìtòkú: kí ni ìkànnì tèmi yóò ṣe fún mi tí WhatsApp kò ṣe?

Ìyá Aláró, Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin ará inú ìjíròrò yìí. Iṣẹ́ àdìrẹ ni mo jogún lọ́wọ́ ìyá mi. Ìtòkú ni ìsọ̀ wa wà, èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ni a sì jọ ń ṣe é. Láti ìgbà tí ọmọ mi obìnrin ti gbé WhatsApp sórí fóònù mi ni mo ti ń fi àwòrán aṣọ síbẹ̀ ní àràárọ̀, n kò sì lè parọ́, ọjà ń tà. Ọmọ náà tún ṣí ojú-ìwé kan fún mi lórí Instagram, ó ní àwọn tó ń tẹ̀ lé wa níbẹ̀ ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló tún wá sọ fún mi pé ó ku ohun kan, pé kí a ní wẹ́ẹ̀bùsáìtì tiwa, èyí tí àwọn tó mọ̀wé ń pè ní ìkànnì ayélujára. Mo bi í pé kí ni a fẹ́ fi ṣe. Ó ní gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ní in. Èsì yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí pé bí gbogbo ilé-iṣẹ́ bá ra ọkọ̀ akẹ́rù, ìyẹn kò ní kí èmi náà lọ ra ọ̀kan.

Ohun tó ń dà mí láàmú rèé. Bí mo bá ti ki ọwọ́ bọ ìkòkò aró, n kò lè fọwọ́ kan fóònù títí n ó fi yọ aṣọ, tí n ó sá a, tí n ó sì fọ ọwọ́ mi. Kí n tó padà dé ìdí fóònù, oníbàárà tó béèrè pé èló ni ọ̀pá márùn-ún ti lọ bá ẹlòmíràn. Ṣé ìkànnì lè tán irú ìṣòro yìí, àbí owó lásán ni ọmọ fẹ́ kí n ná? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, kí ẹ sì sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ahunṣọ, Ìsẹ́yìn

Ẹ kú ọjà o, Màmá. Aṣọ òfì ni àwa ń hun, ìṣòro tí ẹ sọ yìí gan-an ló sì gbé mi dé ìdí ìkànnì ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nítorí pé bí òwú bá já lójú òfì nígbà tí fóònù ń dún, ọ̀kan nínú méjèèjì ni yóò jìyà. Kí n tó ná kọ́bọ̀, mo mú ìwé kékeré kan, mo so bírò mọ́ ọn, mo gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òfì, mo sì sọ fún ọmọ iṣẹ́ mi pé kí ó máa kọ gbogbo ìbéèrè tó bá wọlé lórí fóònù fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, ìbéèrè 76 ni a kà. Nínú rẹ̀, 58 ló jẹ́ ìbéèrè mẹ́rin péré tí àwọn ènìyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ń béèrè: èló ni ìró àti bùbá pẹ̀lú gèlè, ọjọ́ mélòó ni yóò gbà, ṣé ẹ máa ń fi ránṣẹ́ sí Èkó àti Àbújá, ṣé ẹ lè hun àwọ̀ tí a bá mú wá fún yín.

Ojú-ìwé kan ṣoṣo ni a fi bẹ̀rẹ̀. A dáhùn ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síbẹ̀, a fi àwòrán mẹ́jọ kún un, a sì fi àdírẹ́sì rẹ̀ sínú èsì tí WhatsApp Business máa ń fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí ènìyàn kò bá sí nídìí fóònù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ yà mí lẹ́nu díẹ̀: àwọn tó ń pè wá dín kù, àyà mi sì kọ́kọ́ já. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé àwọn tó ṣì ń pè ti mọ iye owó, wọ́n ti yan àwọ̀, ọjọ́ tí wọn yóò gba aṣọ nìkan ni wọ́n fẹ́ bá wa sọ. Àwọn tó kàn fẹ́ béèrè iye kí wọ́n sì máa lọ ti rí èsì wọn gbà láìda òfì dúró. N kò sọ pé ọjà di ìlọ́po méjì o, ẹnikẹ́ni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín ń polówó ara rẹ̀ ni. Àkókò ni mo rí gbà padà.

Oníbàárà, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Èmi kì í tà, rírà ni tèmi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi ojú ẹni tó ń rà wò ó. Nígbà tí ìyá mi fẹ́ ṣe àádọ́rin ọdún, èmi ni ẹbí ní kí n wá àdìrẹ fún gbogbo wa. Iṣẹ́ òru ni mo ń ṣe, aago méjì òru ni mo sì máa ń ráyè jókòó. Mo tẹ “adire Abeokuta” sórí Google láìfi àmì kankan sí i. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde ni àwọn ilé ìtajà tó wà níbí àti ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń ta aṣọ tí ẹ̀yin rẹ ní ìlọ́po iye tí ẹ̀yin tà á fún wọn. Àwọn tó ń rẹ ẹ́ gan-an, ojú-ìwé Instagram nìkan ni wọ́n ní. Mo rí aṣọ tó wù mí níbẹ̀, mo wá iye owó rẹ̀, ohun tí mo bá lábẹ́ àwòrán ni pé kí n kọ̀wé sí wọn ní ìkọ̀kọ̀ kí n tó lè mọ iye tó jẹ́. Mo kọ̀wé sí ẹni márùn-ún. Ìgbà tí wọ́n fi máa dáhùn, mo ti sùn. Ìgbà tí mo jí tí mo fèsì, àwọn náà ti wà nídìí aró. Ọjọ́ mẹ́rin ni a fi ń lé ara wa kiri báyìí.

Ẹni kẹfà ní ìkànnì tirẹ̀. Kò lẹ́wà, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n iye owó wà níbẹ̀, ìbú aṣọ wà níbẹ̀, ó kọ iye ọ̀pá tí òun lè rẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó sì fi àwòrán ara rẹ̀ síbẹ̀ níbi tó ti ń sá aṣọ sórí okùn, tí aró ṣì wà ní ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Aago mẹ́ta òru ni mo sanwó. Títí di òní, èmi àti obìnrin náà kò tíì gbọ́ ohùn ara wa.

Ohun kan tún wà tí ẹ̀yin aládìrẹ mọ̀ jù mí lọ. Aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ àwòrán àdìrẹ sí lára láti ilẹ̀ Ṣáínà ti gba ọjà kan, ẹni tó sì wà lókèèrè kò lè fọwọ́ kàn án wò. Lórí ìkànnì, àyè wà fún yín láti fi àwòrán iwájú aṣọ hàn, kí ẹ fi ti ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ lé e, kí ẹ sì fi ti iṣẹ́ náà hàn láti ìgbà tí ẹ ti ń di aṣọ títí dé ìgbà tí ẹ tú u. Èyí tí ẹ bá fi sórí status WhatsApp, wákàtí 24 péré ni, ó ti pòórá.

Onígàrí, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá yàtọ̀ sí tiyín. Gàrí ni mo ń yan, àwọn alátà láti Èkó àti Ṣágámù ló sì ń wá kó o ní àpò-àpò. Gbogbo àwọn tó ń rà lọ́wọ́ mi kò ju mẹ́rìnlá lọ. Mo mọ orúkọ wọn, mo mọ orúkọ ọmọ wọn, mo sì mọ èyí tó jẹ mí lówó nínú wọn. Kí ni ìkànnì fẹ́ sọ fún wọn tí wọn kò mọ̀? Iye tí mo bá kọ síbẹ̀ ní òwúrọ̀ lè yí padà kí oòrùn tó wọ̀. Ọmọ mi ti fi ibi tí a wà sórí máàpù Google lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù àti àwòrán ẹnu géètì, ìyẹn sì tó mi. Mo tún gbọ́ pé Google kan náà máa ń fún ènìyàn ní ìkànnì lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Kí ló dé tí Màmá yóò fi sanwó nígbà tí ọ̀fẹ́ wà nílẹ̀?

Ẹ má sì gbàgbé pé ìkànnì pẹ̀lú máa ń kú. Nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun bàjẹ́ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, tí íntánẹ́ẹ̀tì dákú ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ìwé àkọsílẹ̀ gbèsè tèmi kò dákú ní tirẹ̀.

Oníṣẹ́ Ìkànnì, Yábàá

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Kíkọ́ ìkànnì ni mo fi ń jẹun, síbẹ̀ bí ẹ bá pè mí wá sí Ìjẹ̀bú-Igbó lónìí, n ó sọ fún yín pé kí ẹ fi owó náà ra àpò. Ẹni tí àwọn oníbàárà rẹ̀ kò tó ogún, tí gbogbo wọn sì mọ ilé rẹ̀, máàpù ti tó o. Ọjà ti Màmá kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí ló fẹ́ rà á, láti ìlú tí wọn kò dé rí, ó sì fẹ́ rí àwọ̀, ìbú àti iye kí ó tó la ẹnu. Ìyàtọ̀ yìí ni kí oníṣòwò kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ó tó gbọ́ ti irú mi.

Ní ti ọ̀fẹ́, Google ti dá ìkànnì ọ̀fẹ́ yẹn dúró ní oṣù kẹta ọdún 2024. Ibi tí ilé ìtajà wà lórí máàpù ṣì wà, kí Màmá náà sì tètè fi tiwọn síbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìkànnì kéékèèké tí àwọn oníṣòwò ti ṣe níbẹ̀ ni wọ́n tì. Fún oṣù díẹ̀, ẹni tó bá tẹ àdírẹ́sì náà ń bá ara rẹ̀ lójú-ìwé orí máàpù. Lẹ́yìn ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún náà, ìyẹn pẹ̀lú dópin. Ẹ wo ẹni tó ti tẹ àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ sára káàdì àti ọ̀rá tó fi ń di ọjà.

Kì í ṣe Google nìkan. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà fún bíi wákàtí mẹ́fà, nítorí àṣìṣe tó wáyé nígbà tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀rọ tiwọn fúnra wọn. Ní ọdún yẹn kan náà, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà láti ọjọ́ 5 oṣù kẹfà, wọn kò sì ṣí i padà títí di ọjọ́ 13 oṣù kíní ọdún 2022. Ẹni tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n kò jẹ̀bi ohunkóhun, síbẹ̀ ohun tó lé ní oṣù méje ni ó fi ń wá wọn kiri. Ní ti wáyà abẹ́ òkun, Bàbá borí mi, nítorí pé ọjọ́ yẹn, ìkànnì àti WhatsApp jọ dákú ni.

Nígbà náà, kí ni ìkànnì fi sàn jù? Orúkọ ni. Orúkọ ìkànnì, tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní dómèènì, ni ohun tó wà lábẹ́ àṣẹ yín níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún. Bí ilé-iṣẹ́ tó ń gbé ìkànnì yín bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ ó kó ẹrù yín lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn, orúkọ náà yóò bá yín lọ, oníbàárà tó wà ní Peckham kò sì ní í mọ̀ pé ẹ kó kúrò. Ojú-ìwé Instagram kò ṣe é kó báyìí. Àwọn orúkọ tó parí sí .ng wà lábẹ́ àbójútó àjọ NiRA, ẹ sì lè rà á lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tí àjọ náà fún láṣẹ. Èyí tó parí sí .com.ng kì í wọ́n tó èyí tó jẹ́ .ng lásán, ó sì tó fún aládìrẹ.

Alásè, Ìlọrin

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ni kí Màmá tẹ́tí sí jù lọ, nítorí pé ó ti kan èmi gbọ̀ngbọ̀n. Oúnjẹ ayẹyẹ ni mo ń sè. Ọmọkùnrin kan ní àdúgbò wa kọ́ ìkànnì fún mi, ó ṣe é dáadáa, owó tó gbà kò sì ju agbára mi lọ. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé orúkọ ara rẹ̀ àti ímeèlì ara rẹ̀ ló fi ra dómèènì náà. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó kọjá sí Kánádà, ó gba ímeèlì tuntun, gbogbo ìkìlọ̀ pé owó ọdún ti pé sì ń lọ sínú àpótí tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí mọ́. Orúkọ tó parí sí .com kì í bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn lójijì. Wọ́n máa ń fún ènìyàn láyè, títí kan ọgbọ̀n ọjọ́ tí a ṣì lè fi owó ìtanràn rà á padà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún mi, nígbà tí kì í ṣe èmi ni wọ́n ń kọ̀wé sí? Ọ̀sẹ̀ méjì kí Iléyá tó dé ni oníbàárà kan pè mí pé ṣé mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni, pé òun tẹ orúkọ mi, òun kò rí nǹkankan. Nígbà tí n ó fi rí ọmọ náà bá sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn ti ra orúkọ mi, ó sì ń bi mí ní owó tí n kò lè san. Abọ́ oúnjẹ tí mo ti tẹ àdírẹ́sì náà sí lára, páálí méjìlá, wà nínú yàrá mi di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Nítorí náà, Màmá, ẹ jókòó ti ọmọ náà ní ọjọ́ tí yóò ra á. Kí orúkọ yín wà lórí rẹ̀, kí ó jẹ́ ímeèlì tiyín, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sínú ìwé tí ẹ ń kọ owó èsúsú sí. Bí oníṣẹ́ bá sọ pé òun ni yóò máa bá yín tọ́jú rẹ̀, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ti ra orúkọ mìíràn o, mo sì tún ìkànnì kọ́. Ẹnikẹ́ni lè béèrè pé kí ló tún mú mi padà síbẹ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó máa ń pe ìpàdé ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní hòtẹ́ẹ̀lì ni oníbàárà mi tó tóbi jù, àwọn yẹn kì í sì í fi status WhatsApp ra oúnjẹ. Wọ́n á ní kí o fi ìwé iye owó ránṣẹ́ láti ímeèlì tó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ, wọ́n á wo ìkànnì rẹ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde sínú fáìlì fún ọ̀gá tí yóò buwọ́ lù ú.

Ìyá Aláró, Abẹ́òkúta

Ọlọ́run yóò san ẹ̀san fún yín o. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ Alásè bà mí, mo sì ti pe ọmọ mi láti bi í léèrè orúkọ ta ló fẹ́ fi rà á. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní “tèmi ni, Màmá,” a sì ti yanjú ìyẹn.

Ìbéèrè mi ti wá yí padà báyìí. Àkọ́kọ́, orúkọ tí mo fẹ́ kí ìsọ̀ wa máa jẹ́ ní ẹ àti ọ nínú. Ṣé mo lè kọ ọ́ bí ó ti yẹ? Èkejì, ṣé Yorùbá ni kí n fi kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ àbí Gẹ̀ẹ́sì? Ẹ̀kẹta, àwọn oníbàárà mi kò ní dátà rẹpẹtẹ. Ẹ̀kẹrin, ayédèrú aláàtì, ìyẹn ọ̀rọ̀ èké tó ń wọlé sórí fóònù pé owó ti dé báńkì, ti jẹ mí níyà lẹ́ẹ̀mejì rí, aṣọ ti lọ, owó kò wọlé. Ṣé ìkànnì yóò dín ìyẹn kù ni àbí yóò bù kún un?

Oníṣẹ́ Ìkànnì, Yábàá

Màmá, ẹ kọ orúkọ ìkànnì láìfi àmì sí i rárá. Bí a bá fi lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ sínú dómèènì, ẹ̀rọ yóò sọ ọ́ di ọ̀wọ́ lẹ́tà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “xn--”, ẹni tó bá rí i yóò sì rò pé iṣẹ́ gbájúẹ̀ ni. Ẹ fi gbogbo àmì sí ọ̀rọ̀ tó wà nínú ojú-ìwé náà, kí ó dùn ún kà, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé bí Àǹtí Peckham ṣe sọ, “adire” lásán ni àwọn ènìyàn ń tẹ̀. Fún ìdí èyí, orúkọ àwòrán kò gbọdọ̀ jẹ́ IMG pẹ̀lú òǹkà gígùn bí fóònù ṣe ń fún un. Bí aṣọ bá jẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí a ya iṣẹ́ ọnà tí ẹ ń pè ní Ìbàdàndùn sí, ẹ pe fáìlì náà ní “adire-eleko-ibadandun”, kí ẹ sì kọ ohun tó wà nínú àwòrán sí àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àlàyé rẹ̀. Àlàyé yìí kan náà ni ẹ̀rọ máa ń kà sókè fún afọ́jú. Ní ti èdè, ẹ lo méjèèjì. Gẹ̀ẹ́sì ni yóò mú àjèjì wọlé, àwọn orúkọ iṣẹ́ ọnà tó wà lára aṣọ ni kí ẹ má ṣe túmọ̀ rárá, nítorí pé orúkọ yẹn wà lára ohun tí wọ́n ń rà.

Ọ̀rọ̀ dátà ṣe pàtàkì jù bí àwọn akẹgbẹ́ mi ṣe ń fojú wò ó. Àwòrán kan láti inú fóònù òde òní lè tó MB 5. Bí ẹ bá to ogún irú rẹ̀ sí ojú-ìwé kan, MB 100 ni ẹ ń ní kí oníbàárà yín ná kí ó tó rí aṣọ yín tán. Kí ọmọ yín fún wọn pọ̀ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn má ju KB 200 lọ. Lójú fóònù, kò sẹ́ni tí yóò mọ ìyàtọ̀. Kí ẹ sì rí i pé àdírẹ́sì yín bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https, nítorí pé láti oṣù keje ọdún 2018 ni Chrome, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣí ìkànnì, ti ń kọ ọ́ sókè ojú-ìwé èyíkéyìí tí kò bá ní in pé ibẹ̀ kò ní ààbò. Ìwé ẹ̀rí tó ń mú https wá wà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ àjọ Let's Encrypt. Bí ẹnikẹ́ni bá gba owó gọbọi lọ́wọ́ yín nítorí rẹ̀, ẹ bi í léèrè ìdí.

Ayédèrú aláàtì máa ń rí ọ̀nà gbà nítorí pé ojú ni a fi ń wo ọ̀rọ̀ tó wọlé sórí fóònù. Bí ẹ bá so ìkànnì mọ́ Paystack tàbí Flutterwave, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bá oníṣòwò gba owó lórí ayélujára, ẹ̀rọ tiwọn ni yóò jẹ́rìí pé owó ti dé kí ọjà tó di títà, wọ́n á sì yọ ìpín díẹ̀ nínú rẹ̀ fún iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iye owó àti nọ́ńbà WhatsApp. Ohun kan ṣoṣo tí n kò fẹ́ kí ẹ ṣe ni kí ẹ máa gba ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì ilé ẹni tó kàn wá wo aṣọ. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ara ẹni ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2023, ohun tí ẹ kò bá gbà kò lè jò lọ́wọ́ yín.

Ahunṣọ, Ìsẹ́yìn

Mo fẹ́ fi kékeré kan kún un. Ẹ kọ oṣù sí ẹ̀gbẹ́ iye owó. Ní ọdún àkọ́kọ́, òwú wọ́n sí i, mo gbàgbé láti yí iye orí ìkànnì padà, oníbàárà kan sì mú fóònù rẹ̀ wá bá mi ní Ìsẹ́yìn, ó ní ohun tí mo kọ nìyí. Mo tà á fún un ní iye yẹn. Láti ọjọ́ náà, ọjọ́ kìíní oṣù ni mo máa ń tún un kọ, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ó ń gbà mí. Ìkànnì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn fún ọdún kan burú ju àìní in lọ, nítorí pé ńṣe ló ń bá ènìyàn purọ́ fún àwọn oníbàárà.

Ẹ má sì retí pé yóò máa pe èrò wá fúnra rẹ̀. Ẹ ṣì máa gbé aṣọ sórí status ní àràárọ̀ bí ẹ ti ń ṣe. Àdírẹ́sì ìkànnì ni kí ẹ máa fi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ìyá Aláró, Abẹ́òkúta

Mo ti ra orúkọ náà, tèmi ni, ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sì ti wà nínú ìwé èsúsú. Èyí ni ohun tí mo kọ fún ojú-ìwé àkọ́kọ́, ọmọ mi ló bá mi tẹ̀ ẹ́. Ẹ bá mi wò ó.

“Àdìrẹ tí a fi ọwọ́ ṣe ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ni a ń ṣe é. Àdìrẹ oníko: ìko ni a fi ń di aṣọ kí a tó rì í sínú aró. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ: ẹ̀kọ làfún ni a ń fi ìyẹ́ adìẹ kọ sára aṣọ, aró kì í sì í wọ ibi tí ẹ̀kọ bá wà. Ọ̀pá márùn-ún-márùn-ún ni a ń tà á, iye oṣù yìí wà lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan. A ń gba iṣẹ́ aṣọ ẹbí. Ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ìgbà òjò, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kún un, nítorí pé oòrùn ni a fi ń gbẹ aṣọ. Láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ sí aago kan ọ̀sán, ọwọ́ wa wà nínú aró, a kì í gbé fóònù. A ó pè yín padà kí ilẹ̀ tó ṣú.”

Onígàrí, Ìjẹ̀bú-Igbó

Èyí tó sọ pé ẹ kì í gbé fóònù nígbà tí ọwọ́ yín bá wà nínú aró yẹn dùn mọ́ mi nínú. Bí mo bá ń ra àdìrẹ, ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ ìyẹn ni n ó ti rà á.

Oníbàárà, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Ó dára gan-an, Màmá. Ẹ fi bí a ṣe ń fọ aṣọ náà kún un: omi tútù ni, kí a fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, kí a sá a síbi tí oòrùn kò ti pa á. Èmi kò mọ̀ nígbà tí tèmi dé, mo sì kó o pọ̀ mọ́ aṣọ funfun ọmọ mi nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ.

Ìyá Aláró, Abẹ́òkúta

Áà, Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fi ń pè mí jù lọ́gànjọ́ òru: “Màmá, aṣọ yín ti kun bẹ́ẹ̀dì mi ní aró.” Mo ti ní kí ọmọ náà gbé bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ sókè pátápátá, kí ó ṣáájú iye owó.